Kúùkù Ọkọ̀ Òkun Lọ Ra Sítóòfù

Kí Kúùkù tó wo ojú sítóòfù kankan, ó ní láti kọ́kọ́ mì í ná. Á fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, á tì í lọ, á fà á bọ̀, á sì tẹ́tí sí ohun tó máa sọ. Sítóòfù tó bá ké, Kúùkù ti kúrò nídìí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó wá ra fìríìjì àti àga ní ṣọ́ọ̀bù ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Orí rẹ̀ pé pérépéré. Inú ọkọ̀ òkun ló ti ń dáná láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù títí tó fi funfun, ilé ìdáná inú ọkọ̀ òkun kì í sì í dúró sójú kan. Ìgbì ẹyọ kan lè da ìkòkò ọbẹ̀ sí ẹni tó ń rò ó lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin yí orí sítóòfù ọkọ̀ ká, tí wọ́n sì ń fi ìkọ́ de ilẹ̀kùn ófùn, ìyẹn ikùn sítóòfù níbi tí wọ́n ti ń yan nǹkan. Kúùkù ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbọ́.

"Bàbá, ilẹ̀ ibí yìí kì í mì," ọmọ rẹ̀ obìnrin rọra sọ fún un.

"Mo mọ̀, Ìyá mi. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá òun náà mọ̀ ni."

Òun àti ọmọ yìí ló fẹ́ jọ ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan. Wọ́n ti gba ilé, wọ́n ti kun ún. Owó tó kù lọ́wọ́ wọn ò ju ti sítóòfù ńlá kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá ṣì í rà, àṣìrà ni wọn yóò máa fi dáná. Ọmọ náà ti fi ilé iṣẹ́ tó ti ń dáhùn tẹlifóònù sílẹ̀ nítorí èyí, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀ pé òun ò ní kúrò nídìí tẹlifóònù wá sídìí àwo fífọ̀. Kúùkù fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn jọ máa dáná ni.

Sítóòfù tí wọ́n kọ́kọ́ dúró tì ń dán bíi dígí. Ojú iná mẹ́fà ló ní, ófùn rẹ̀ ní fèrèsé, ibi tí wọ́n ti ń yí iná sì pupa fòò. Oníṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó sanra tó sì láwàdà, ní sítóòfù iṣẹ́ gidi ni. Kúùkù mì í, ó ké. Dípò kó kúrò níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Kò dìgbà tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ kí n tó dín owó rẹ̀ kù."

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Kúùkù wà tó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí páànù rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ tó báyìí? Kí ló dé tí páìpù gáàsì rẹ̀ ò fi nípọn ju ìka ọmọdé lọ? Oníṣọ́ọ̀bù họrí, ó jẹ́wọ́: sítóòfù inú ilé ni, wọ́n kàn wọ aṣọ iṣẹ́ fún un ni. Ẹni tó bá ń pe gbogbo sítóòfù tó tóbi ní ti ilé oúnjẹ ṣì í pè. Ti ilé oúnjẹ gan-an kì í dán tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ máa ń gbóná janjan, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri. Inú Kúùkù dùn bí ẹni tí wọ́n ń pa àlọ́ fún. Bó ṣe ń bèèrè sí i ni iye sítóòfù tí owó wọn lè rà ń dín kù, títí ó fi ku méjì.

Ọ̀kan kéré, ó wúwo bí òkúta, ojú iná mẹ́rin tó ní sì sún mọ́ra. Kúùkù mì í títí, kò mira. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó na ọwọ́ òsì, gbogbo rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó láìgbé ẹsẹ̀. Bó ṣe dáná lójú omi nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ní èyí gan-an ni, ó sì ti ń tọwọ́ bọ àpò.

Ọmọ rẹ̀ tọrọ ìkòkò mẹ́rin lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó gbé wọn ka orí sítóòfù, ó ní kí àwọn díbọ́n pé ọ̀sán ti pọ́n, oníbàárà sì ti kún ilé. Kúùkù fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀. Ó mú ṣíbí igi, ó ń ro ọbẹ̀ tí kò sí, ó ń bu iyọ̀ tí kò sí sínú ìrẹsì tí kò sí. Apá rẹ̀ gba ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ náà bọ́ sí ọ̀tún, ìgúnpá bàbá gbá a. Ó bọ́ sí òsì, ó tún gbá a.

"Bàbá, níbo ni kí n dúró sí?"

Kí Kúùkù tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sẹ́yìn. Ó yíjú wo ibi tí ìka rẹ̀ kọjú sí: ibẹ̀ ni wọ́n to síǹkì àwo fífọ̀ sí. Ó ká ọwọ́ náà kò díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tí kò bi ara rẹ̀ rí wá sí i lọ́kàn. Báwo ni ọmọ yìí ṣe ń dáná? Ó ti jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ojú òkun lòun wà nígbà tí ọmọ náà ń dàgbà, ìgbàkígbà tí òun bá sì wálé, òun lòun máa ń gba ilé ìdáná, tí òun á lé gbogbo ayé jáde. Òun ò tíì dúró wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó na ṣíbí sí i.

"Ìwọ dáná, kí n wò ọ́. Lórí èyí tó bá wù ọ́."

Ọmọ náà gbé ìkòkò méjì, ó kọjá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, sídìí sítóòfù kejì. Àlòkù ni, ó gùn bíi bẹ́ǹṣì, ara rẹ̀ ti ha yánnayànna. Irin pẹrẹsẹ kan tó ṣeé din ẹyin lé lórí wà láàárín rẹ̀, ojú iná méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ó dúró sí ìpẹ̀kun òsì, ó bẹ̀rẹ̀. Kúùkù tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo etíkun tuntun láti orí ọkọ̀. Ọmọ náà kì í dúró lójú kan bíi tirẹ̀. Á ro èyí, á yà lọ gé nǹkan, á padà wá ṣí ìdérí. Ọwọ́ òsì ló sì fi ń ro ọbẹ̀.

"Ọwọ́ òsì, Ìyá mi?"

"Màmá bá mi wí títí, ó sú wọn."

Kúùkù lọ dúró sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, òun náà ń ro tirẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wà ní ìta lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìgúnpá ò kan ìgúnpá. Ó mi sítóòfù náà, ó ké díẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilẹ̀kùn ófùn rẹ̀ kì í pa dé àyàfi tí wọ́n bá fi nǹkan tì í. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí ni ọmọ náà fi ná an títí oníṣọ́ọ̀bù fi ní kí ó ṣàánú òun, kí òun lè rí nǹkan gbé délé fún ìyàwó òun. Wọ́n fẹnu kò sí iye tí agbára wọn ká, ṣùgbọ́n Kúùkù ní òun gbọ́dọ̀ rí iná kí òun tó sanwó. Wọ́n tì í lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n so ó mọ́ sílíńdà gáàsì. Ojú iná ọ̀tún méjèèjì gbiná, ọwọ́ iná náà búlúù dáadáa. Ní apá òsì, ọ̀kan gbiná. Èkejì kàn ń mí fùù. Kúùkù ti káwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ tèmi nìyẹn."

Kúùkù nàró. Ọmọ náà pa gáàsì, ó dúró kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ó ṣí ìdérí ojú iná náà, ó sì yọ píìnì kan nínú irun rẹ̀. Ó wá ń fi í gún àwọn ihò tó dí lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín lọ sí ìta. Láti ìta wá sí àárín ni Kúùkù máa ń gún tirẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì na ọrùn kó lè rí i dáadáa.