Ọrùn Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti kú tipẹ́, inú ṣì ń bí mi sí i. Àgbà ni, ṣùgbọ́n n kò ní "wọ́n" kankan láti fún un.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, mo ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́, ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà Akẹ̀sán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ni ọwọ́ ọ̀tún wọn bá rọ, ẹnu wọn wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde. Kí àwọn ará ọjà tó bu omi dé, ara wọn ti bọ̀ sípò. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọrùn ló dì. Òun ló ń fi òrí wọ́ gbogbo abiyamọ ilé wa, ó sì rò pé kò sí àrùn tí àtàǹpàkò òun ò lè tẹ̀ jáde. Mo gbé ìyá mi wọ lọ́rì, ó di ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Dókítà òyìnbó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà sí ọrùn wọn lápá òsì, ó tẹ́tí títí. Ó fi sí etí èmi náà. Ó ń fẹ́ fùùfùù níbẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: iṣan ńlá méjì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sórí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Abẹ́ àgbọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń pín yà, ẹ̀ka kan fún ojú, ẹ̀ka kejì fún ọpọlọ. Níbi ìpínyà apá òsì, ọ̀rá ti dì mọ́ iṣan ìyá mi. Bí èérún bá já níbẹ̀, ọpọlọ ló ń lọ, ọpọlọ apá òsì ló sì ni ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí tó bá tètè yọ́, ara á padà. Èyí tí kò bá yọ́, ó tán.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ọrùn yìí o," nọ́ọ̀sì wí.

Nígbà tí a padà délé, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo agbo ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Òyìnbó ló gbé ìyàwó wa wálé ni?"

Ní ọjọ́ kejì, mo wà nílé ìwé nígbà tó gbé omi gbígbóná àti igbá òrí wọlé, nítorí ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn dé, wọn a wọ́ ọ lára nílé wa. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìyá mi kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó tí yóò gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ dànù?

Nígbà tí mo wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n ìyá mi lósì. Mo pè wọ́n. Wọ́n ń wò mí, wọn ò lè fọhùn. A dúró kí ara padà, kò padà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Àwọn àlejò ń kí i: "Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o, mà." Ìkà náà sì ń dáhùn!

Ìyá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn a fi ọwọ́ òsì bo ọrùn wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi a kọjú sí àwọn ará ilé, inú rẹ̀ a máa dùn.

"Ẹ ò rí i? Ó ń kí mi."