Ọkùnrin Tí Mo Yà Sójú Sánmà

Òórùn ọ̀dà olóròóró kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ àwòrán yíyà, kò sí ọṣẹ tó lè wẹ̀ ẹ́ kúrò lábẹ́ èékánná mi. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Old Jeshwang lọ sí àárín ìlú, àwọn ìyá tó gbé agbọ̀n ẹja sí ẹsẹ̀ á máa yí imú kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn tí ẹja wọn ń rùn jù mí lọ. Bathurst ni wọ́n ṣì ń pe Banjul nígbà náà. Ilẹ̀ Gambia ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tèmi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó mú mi wá láti Ọ̀fà pé kí n máa bá òun ta aṣọ lọ́jà. Mi ò mọ aṣọ tà. Ojú àwọn oníbàárà ni mo máa ń yà sẹ́yìn bébà tí a fi ń di ọjà fún wọn, títí ó fi sú bàbá náà, tó ní kí n kúkú lọ máa ya àwòrán mi níta kí òun lè rí ọjà tà.

Oríṣiríṣi ènìyàn ló gbé iṣẹ́ fún mi. Òyìnbó kan ní Fajara ní kí n ya ajá òun síwájú pápá gọ́ọ̀fù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Westfield sì fẹ́ kí n ya àwọn sára pátákó ìta. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bọ́ mi, ọ̀dọ̀ àwọn Aku ló ti wá, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Freetown, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà lára púpọ̀ nínú wọn, akọ̀wé àti tíṣà ló pọ̀ nínú wọn. Wọn kì í fi òkú wọn ṣeré. Bí àdúrà ogójì ọjọ́ bá ti ń bọ̀, ọmọ olóògbé á mú fọ́tò kékeré kan wá, á ní kí n fi ọ̀dà yà á kó tóbi, kí àwọn lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Èmi náà sì dá òfin kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá wà láàyè, àga àti kọ́tìnì ni mò ń yà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, ojú sánmà ni, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìkúùkù funfun. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Oníbàárà tí mo kọ́kọ́ ṣe é fún ló sunkún ayọ̀, ni gbogbo wọn bá ń béèrè fún un. Mo ra fìlà òyìnbó pẹlẹbẹ kan lé e, mò ń dé e gba ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì gbà tọkàntọkàn pé fìlà náà ń ran ọwọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà ọyẹ́, obìnrin kan wá bá mi, aṣọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mú fọ́tò bàbá àgbàlagbà kan jáde, tòun ti ṣéènì aago lára wésíkóòtù rẹ̀. Ó ní bàbá òun nìyẹn, àwọn fẹ́ kí àwòrán náà ti wà lára ògiri kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ta ló máa bi ẹni tó wọ dúdú, tó ń sunkún, pé ta ló kú gan-an? Mo kí i kú ará fẹ́ra kù, mo gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sánmà tí mo yà sẹ́yìn bàbá náà dára ju gbogbo èyí tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àdúrà ni mo gbé e lọ fún wọn. Ilé onípákó ni, kò jìnnà sí èbúté. Mo ti fa ojú ro láti ìta, mo ti to ọ̀rọ̀ ìtùnú sẹ́nu, kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣí i fún mi ni ọkùnrin inú àwòrán.

"Kushe," ló wí, bí àwọn Aku ṣe máa ń kí ènìyàn. "Wọlé, ọmọ mi. Àbí ìta lo fẹ́ dúró sí?"

Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Àwòrán ìyàwó náà ti wà lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, ti ọkọ tí mo yà yìí ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má bàa dá wà lọ́jọ́ àdúrà rẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹrù mi padà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ṣí aṣọ lórí àwòrán. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé nínú pálọ̀ yẹn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nílé gbogbo ẹbí wọn, gbogbo wọn ló mọ ẹni tí mò ń ya sánmà fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ká ọwọ́ lérí.

"Ó ti pa á! Jésù mi, ó ti pa àbúrò mi!"

Bàbá náà wọ awò ojú rẹ̀, ó wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ, níbo lò ń gbé mi lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní màá gbé e lọ, màá sì dáná sun ún lójú ẹsẹ̀.

"O tún fẹ́ sun ún!" ni ìyá àgbà náà kígbe. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí orí bá fọ́ àbúrò mi lásán, gbogbo Bathurst ló máa mọ ẹni tí a máa bi."

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́. Ó ní, "Má gbé e lọ síbì kankan. Kó ọ̀dà rẹ wá síbí lọ́la. Máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, kí o sọ̀ mí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo rò pé ó jẹ́. Kọ́tìnì ni màá fi bo sánmà. Ọ̀dà olóròóró kì í yára gbẹ, ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró dè é kó tó kun òmíràn lé e, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, kọ́tìnì ti wà níbẹ̀. Bàbá ní kò jọ èyí tí ìyàwó òun rán. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Ó ní àga náà ti ga jù. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó kan bọ́tìnnì, ó kan ṣéènì aago, ó kan etí ọ̀tún. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á jókòó síwájú mi títí di àkókò ìrun alásàrí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jókòó sí fèrèsé pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, tí yóò máa fi ojú tọ búrọ́ọ̀ṣì mi bíi pé ọ̀bẹ ni mo mú dání. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Papa, ó ti parí." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Kí lò ń sáré sí? Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kó parí?"

Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Mo rò lọ́kàn mi pé ó ti yé mi: bàbá yìí gbà pé ọjọ́ tí àwòrán bá parí ni òun máa kú. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi dá òfin sánmà sílẹ̀, èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà sì pọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà, tó tọ́ ọ dàgbà, máa ń sọ Yorùbá sí i ní kékeré, ṣùgbọ́n èyí tó kù lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ lọ, kò sì mọ ìtumọ̀ púpọ̀ nínú wọn mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń yọ ọ̀kan síta bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kí ni "pẹ̀lẹ́"? Kí ló dé tí ìyá náà máa ń ní "wá gbọ́" nígbà tí òun ti dúró síwájú rẹ̀? Bí mo bá kí i pé ẹ káàsán, á ní kí n tún un kí, á sì di ojú. Mo ń dá a lóhùn tìbínú-tìbínú, búrọ́ọ̀ṣì láàárín eyín mi. Mo rò pé ó kàn ń fi àkókò mi ṣòfò ni.

Àkókò ni mo sì nílò jù lọ. Bàbá mi kọ lẹ́tà sí mi láti Ọ̀fà pé àwọn òbí ọmọbìnrin tí wọ́n ti bá mi tọrọ fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé kí Iléyá tó dé, kí n wọ ọkọ̀ ojú omi tó bá kọ́kọ́ kọjá. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un lẹ́nu rí, ìtìjú ni, mo ti fi pamọ́ di ọjọ́ tí mo bá délé. Mo gbé lẹ́tà náà tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ.

"Lọ síbo?" ló bi mí. "Bí ìwọ bá wọ ọkọ̀, tí bàbá yẹn bá wá kú, ṣé èmi kọ́ ni mo ṣì wà lọ́jà níbí? Ta ló máa ra aṣọ lọ́wọ́ ìbátan ẹni tó fi ọ̀dà pa Aku? Parí iṣẹ́ bàbá náà kó gbà pé ó parí, kí o tó ronú ilé."

Bàbá náà kò sì ní gbà pé ó parí. Mo há. Èmi tí mo sá fún ìsọ̀ aṣọ wá di ẹni tó há sínú pálọ̀ ẹlòmíràn, tí mò ń ya bọ́tìnnì kan náà, tí mò ń pa á rẹ́. Mo kọ̀wé sílé pé kí wọ́n ní sùúrù fún mi. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé, mo gbọ́ fèrè rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, bàbá ń bi mí léèrè ìtumọ̀ "ó dàbọ̀." Ọkọ̀ kejì náà kọjá. Bí bàbá bá wúkọ́ báyìí, ẹ̀rù á bà mí. Mo máa ń ra oyin fún un, wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, mo sì ń fi gbogbo ìrun mi bẹ Ọlọ́run pé kó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Òjò ti mú dáadáa nígbà tí lẹ́tà kejì dé. Wọ́n ti fi ọmọbìnrin náà fún ẹlòmíràn. Mo kà á tán lójú ọ̀nà, mo sì lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé àkókò iṣẹ́ ti tó. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa dípò dúdú. Bàbá bi mí pé kí ló dé, ni mo bá bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ọmọ," ló wí, "kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ìbéèrè náà bí mi nínú, mo palẹ̀ ọ̀dà mi mọ́, mo jáde. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ àwòrán, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Mo kọ orúkọ. Oṣù mẹ́jọ tán bẹ́ẹ̀, mo jáde sójú títì, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ yà sí.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni bàbá tó kú, lórí ibùsùn rẹ̀, ogbó ló gbé e lọ. Ìlú ti di Banjul nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ti ṣáájú rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo lọ kí wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi mí jókòó sábẹ́ àwòrán náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọjọ́ tí o gbé e wá," ló wí, "bí o ṣe jáde báyìí, ẹ̀rín ni Papa ń rín títí tó fi wúkọ́. Kò bẹ̀rù àwòrán rí láyé rẹ̀."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò jẹ́ kí n parí rẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí Mama ti lọ, kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní o ń sọ̀rọ̀ bí ìyá òun àgbà. Ó ní kí á jẹ́ kí o máa bọ̀." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ká ní o bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan péré, ì bá ní kí o máa lọ. Àwa rò pé ìwọ náà ń gbádùn rẹ̀ ni."

Mo ti dàgbà ju bàbá náà lọ báyìí. Old Jeshwang náà ni mo ṣì ń gbé, ìyàwó tí mo padà fẹ́ níbí ti bí ọmọ fún mi, Wolof ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń kí mi láàárọ̀. Inú ṣì máa ń bí mi sí i nígbà mìíràn. Ó yẹ kó sọ fún mi pé ẹni tí òun máa bá sọ̀rọ̀ lòun ń wá. Àmọ́ bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin onífìlà pẹlẹbẹ tí mo jẹ́ nígbà náà kì bá tí wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ayàwòrán ojú ni mo pe ara mi. Mo mọ iye ìlà tó wà létí ojú ọkùnrin yẹn, mo mọ ìpéǹpéjú tó fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, mo lè di ojú kí n yà á títí di òní. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wò ó lójoojúmọ́, mi ò sì rí i pé ó dá wà.