Àbẹ́là Ìjọ Tó Di Ọta Ìda

Igba pọ́n-ùn ó lé ọgọ́ta ni Ìyá Mìdé jẹ ìjọ wa: páálí àbẹ́là mẹ́rin, pọ́n-ùn márùndínláàádọ́rin fún páálí kan. Èmi ni akápò, mo mọ iye tí a rà á. Ohun tó gbé àbẹ́là Ọlọ́run dé ẹnu ìbọn ni mo fẹ́ sọ, torí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri Barking ní London níbí kọ́ ló rí.

Bọ́sẹ̀ Oyèkọ́lá lorúkọ Ìyá Mìdé, ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó. Rush Green ló ń gbé, á wọ bọ́ọ̀sì dé Barking, á tún wọ òmíràn lọ sí Creekmouth, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nabeelah ti jogún ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọta tí àwọn tó ń kọ́ ìbọn ìléwọ́ fi ń dánra wò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri. Kì í ṣe ọta òjé o, ìda ni. Kò sí ètù níbẹ̀ rárá, orí ọta nìkan ni wọ́n ń mọ. Tí wọ́n bá yìn ín, kì í lọ jìnnà, ara pátákó ló máa ń lẹ̀ mọ́ bí èbà tí ọmọdé jù. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, láì ná owó ọta gidi. Ọgbọ́n ìṣúná ni, mo sì fara mọ́ ọn.

Ìyá Mìdé ló ń yọ́ ìda, òun ló ń dà á sínú àwo irin oníhò. Èékánná àtàǹpàkò ló fi ń dán an wò. Bí èékánná bá wọlé jù, ọta á lẹ̀ mọ́ ẹnu ìbọn. Bí kò bá wọlé rárá, á fọ́ sójú ọ̀nà. Nabeelah ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa wọn líle ìda, ṣùgbọ́n èékánná Ìyá Mìdé ni wọ́n ṣì ń wò, torí kì í jẹ iná.

Nínú ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá àbẹ́là wà. Ẹni tó bá mọ ìjọ aláṣọ funfun á mọ̀ pé ipò ńlá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kan, ọkọ̀ tó ń gbé ìda wá sí Creekmouth kò dé. Ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ oníbàárà wọn tó tóbi jù sì ń retí ọta ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

“Áńtì,” ni Nabeelah wí, “tí a bá tún já wọn kulẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá lọ, mi ò mọ ohun tí mo máa fi san owó yín lóṣù tó ń bọ̀.”

Ìyá Mìdé ro ti àbẹ́là tó wà ní ilé ìtajà Vicarage Field. Olóòórùn dídùn ni gbogbo rẹ̀, inú ife dígí, owó gọbọi. Ló bá rántí páálí mẹ́rin tó wà nínú yàrá ìjọ. Ó ní àbẹ́là tí wọn ò tíì tàn, ìda lásán ni, òun á sì dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó gbójú fò ni pé Wòlíì Olúbọ̀dé kì í jẹ́ kí nǹkan kan wọ ilé ìjọsìn láì gbàdúrà sí i. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti wọ́n omi ìyè sí àwọn páálí yẹn. Ìyá Mìdé fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó kó wọn lọ sí Creekmouth, ó yọ́ wọn. Ọta àkọ́kọ́ fọ́ bíi bisikíìtì: àbẹ́là le ju ìda tiwọn lọ. Ó fa òrí tó fi ń pa ọwọ́ yọ nínú báàgì, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ sí i títí èékánná fi gbà. Ọta pé, wọ́n gbé e lọ, oníbàárà kò mọ ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ra òmíràn dípò, ẹni tó ń ta àbẹ́là fún wa kò ní ọjà nílẹ̀. Nígbà tó di Sunday, Ìyá Ìjọ Moṣọpẹ́ ní kí Ìyá Mìdé ṣí yàrá, òfìfo ló bá. Lẹ́yìn ìsìn, àgbààgbà jókòó.

“Ìyá Mìdé, ṣé eku ló jẹ páálí mẹ́rin?” ni Ìyá Ìjọ bi í.

“Rárá, mà. Èmi ni mo kó o.” Ó sì rò ó fún wọn, láìyọ òrí sílẹ̀.

Bọ̀dá Akínbọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà, fò dìde. “Sínú ìbọn! Ẹ ń fi àdúrà wa yìnbọn!”

“Kò lè pa yín, Bọ̀dá. Tó bá bà yín níkùn yẹn, ńṣe ló máa ta padà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. “Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́. Màá san án. Owó oṣù mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday.”

“Owó ìbọn?” ni Akínbọ̀dé wí. “A ò ní fi owó ìbọn ra àbẹ́là pẹpẹ.”

Ìyá Mìdé yíjú sí i. “Owó wo ni mo tún ní? Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìdámẹ́wàá tí mò ń san, níbo lẹ rò pé ó ti ń wá? Àga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀ yẹn, mo dá nínú owó ẹ̀.”

Akínbọ̀dé wo àga. Kò jókòó mọ́.

Wòlíì ló wá sọ̀rọ̀. “Iṣẹ́ ẹ kọ́ ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. O kó ohun tí kì í ṣe tìẹ láì béèrè. O ò ṣe pè mí?”

“Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa kọ̀, Bàbá.”

“Mo lè kọ̀. Ìdí tí èèyàn fi ń béèrè nìyẹn.” Wọ́n ní kó san owó rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ títí yóò fi san án.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó ka igba pọ́n-ùn ó lé ọgọ́ta sílẹ̀ níwájú mi. Mo ní kò pé. Àbẹ́là ti gbówó lórí, páálí kan ti di pọ́n-ùn méjìdínláàádọ́rin. Ó ku pọ́n-ùn méjìlá.

“Akápò, márùndínláàádọ́rin ni nígbà tí mo kó o.”

“Nígbà tí a bá fẹ́ rà á ńkọ́?”

“Ṣé èmi ni mo fi kún owó àbẹ́là ní London ni?”

Ìyá Ìjọ tó ń gbálẹ̀ pẹpẹ gbọ́ wa. Ó tọwọ́ bọ inú sútánà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi lé e lọ́wọ́. “Ìyá Mìdé, lọ pe alábẹ́là kó gbé ọjà wá. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lè máa jà lọ, èmi nílò ohun tí mo máa tàn lọ́jọ́ Fúráìdè.”

Ó lọ pè é. Mo kọ pọ́n-ùn méjìlá sí orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò ní san án, mo sì ní mi ò ní pa á rẹ́.