Halvar Tó Fi Aṣọ Bo Orin

Ohun tí gbogbo ará Dalarna, agbègbè wa, fi mọ olóògbé Halvar Brask ni ti aṣọ tábìlì. Ọjọ́ tá a gbé òpó elódòdó tá a máa ń jó yí ká nàró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òun àti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹ̀ fẹ́ ṣeré létí adágún, àwọn tó jẹ́ pé kí orin wọn kan tó parí, kọfí ẹ á ti tutù, ojú ẹ á sì ti rọ. Halvar yọ aṣọ tábìlì ìyàwó ẹ̀ jáde, ó fi bo dùùrù tó fẹ́ tẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ̀, torí pé Sixten onígòjé tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ń wo ìka ẹ̀.

"Halvar, kí ló ń ṣe ẹ́?" Sixten bi í.

"Òtútù ń mú ọwọ́ mi."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Máa ta gòjé ẹ, kó o gbójú kúrò lára mi."

Mo bi Gunborg ìyàwó ẹ̀ bóyá ìyẹ̀fun ló ń pò lábẹ́ ibẹ̀. Ó ní, "Ìbá ṣe ìyẹ̀fun ni, ǹ bá rí búrẹ́dì jẹ."

Owú ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ fi gòjé ta orin àtijọ́, á kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Gbogbo onígòjé yíká adágún, "Sixten ló kọ́ mi" ni. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ojú Halvar á pọ́n bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ tiẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ó ní orin kan tí kò sírú ẹ̀. Igbe tí ìyá ẹ̀ fi ń pe màlúù wálé látorí òkè ló fi ṣe é.

"Kọ́ èèyàn," Gunborg á ní. "Tó ò bá kọ́ ẹnì kankan, ta ló máa dárúkọ ẹ?"

"Wọ́n á jí i."

"Orin màlúù?"

Dùùrù oníná àtijọ́ tó fi ń tẹ̀ ẹ́, téèpù tí wọ́n gba ohùn akọrin sí ló kún inú ẹ̀, ó ń dún bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó já sí kànga. Òtútù bá mú un, ohùn ẹ̀ á yẹ̀. Wọ́n ní kó ra tuntun tó fúyẹ́. Ó ní, "Èyí tí ò mọ òtútù, báwo ló ṣe máa sunkún?" Nígbà yìnyín, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni dùùrù ń sùn, Gunborg ń sùn létí fèrèsé. Ó sọ fún mi pé, "Ká ní obìnrin ni, ǹ bá lé e jáde. Èyí, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e."

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan, Tuva, wá láti ìlú ńlá pé òun fẹ́ fi gòjé kọ́ orin náà. Halvar kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ìparí ẹ̀ jẹ́, kó má bàa jí ojúlówó. Lọ́dún yẹn, Tuva dìde láàárín gbogbo onígòjé, ó ní, "Halvar Brask ló kọ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Halvar ga sókè lórí àga. Orin wá dé ìparí, àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Sixten fẹnu sí i létí: "Ṣé màlúù yẹn délé, àbí kòtò ló já sí?"

Inú ife tó ti gbẹ ni Halvar ti ń mu kọfí.

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojúlówó orin náà lẹ́yìn òun. Sixten gbé gòjé wá bá a.

"Kọ́ mi."

"Kí wọ́n lè máa sọ pé Sixten ló kọ́ àwọn?"

"Tó o bá lọ báyìí, ti Tuva tó já sí kòtò yẹn ni wọ́n máa fi rántí ẹ."

Halvar wá ní kí Gunborg gbé òun jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n ń bú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Sixten tà á tán. Halvar kọjú sógiri.

"O mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ," ó ní. "Èèyàn burúkú ni ẹ́."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Sixten dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Halvar Brask ló kọ́ mi." Ó gbé gòjé léjìká, kò lè bẹ̀rẹ̀. A dúró dè é. Nígbà tó tà á, ó fà á gùn ju bí Halvar ṣe ń fà á lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ti kọ́ ọ lọ́wọ́ Sixten báyìí. Bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, orúkọ ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá. Sixten ò gbà. Kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ ní kó ṣèlérí pé orúkọ Halvar lòun máa dá. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ó máa jowú."