Odù Tó Jọ Sílé Súnkànmí

Àwọn ará Pakísítánì kan máa ń ta kárọ́ọ̀mù lábẹ́ ilé tí ọmọbìnrin mi ń gbé ní Al Nahda, ní Sharjah níbí. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbé pátákó wọn lé orí garawa ọ̀dà, wọ́n á máa fi ìka ta àwọn igi pẹlẹbẹ kéékèèké, kó, kó, kó, ariwo rẹ̀ á sì gòkè wá bá mi ní àjà kẹsàn-án. Oṣù méjì gbáko ló fi ń bí mi nínú. Àfi ìgbà tí Kúnlé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe síkiọ́rítì ní Al Barsha, tó gba bedspace, àyè ibùsùn kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mú mi sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, èyí tó tóbi yẹn ni striker. Pupa yẹn, queen ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ queen, ẹ gbọ́dọ̀ cover ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ òmíràn tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, khalas, ẹ máa dá a padà."

Ẹ wò ó, bí mo ṣe gbọ́ orúkọ wọn báyìí ni eré náà là sí mi lójú. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gòkè padà, inú mi bàjẹ́, torí ẹnìkan ti kọ́ mi ní irú ẹ̀kọ́ yìí rí, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

Súnkànmí lorúkọ rẹ̀. Agbo ilé kan náà la gbé dàgbà. Bàbá tó bí i ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Láìsì, ló ń tọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lè ta ayò bíi Bàbá Láìsì ní gbogbo ìlú wa. Wọ́n ní ó bá iwin kan ta á lọ́nà oko, iwin náà sì sunkún lọ sílé. Èmi fúnra mi rí kòtò tí omijé iwin yẹn gbẹ́. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ béèrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà tó ń da èso sínú ihò nìkan ni mo rí. Mo máa ń yán. Súnkànmí ló fà mí létí.

"Ọ̀dẹ̀! Kì í ṣe ihò, ilé ni. Kì í ṣe èso, ọmọ ayò ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ìwọ tó ń yán yìí, òpè ni ẹ́."

"Òpè ni bàbá ẹ."

"Bàbá mi ti kú. Wá nǹkan mìíràn sọ."

Ó kọ́ mi títí dórí odù. Odù ni kí èèyàn máa rọra kó ọmọ jọ sínú ilé kan ṣoṣo, kó má fọwọ́ kàn án, títí yóò fi pọ̀ débi pé tó bá tú u, á yí ọpọ́n po, á sì jẹ ilé mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí mo mọ odù, mi ò lè jẹun. Odù ni mo ń rí nínú àwo ẹ̀wà.

Ọdún yẹn ni Bàbá Láìsì sọ pé ìwé ti tó gẹ́ẹ́, pé Súnkànmí á lọ bá ìbátan wọn kan tó ń ta irin ọkọ̀ ní Kútọnu. Súnkànmí dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó dáa. Na èmi lórí ọpọ́n lójú gbogbo ayé, kó o máa kàwé ẹ lọ."

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Súnkànmí ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ojú Bàbá Láìsì ti ń ṣú, pé kò rí inú ilé ẹni tó ń bá a ta dáadáa mọ́, ìgbéraga rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó béèrè.

Wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò. Níbi ayò, ẹni tó ń wòran láṣẹ láti pariwo, kó bú èèyàn, kó fi ṣẹ̀sín. Sùlè tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ò dákẹ́ rárá: "Súnkànmí, di ẹrù ẹ, mọ́tò Kútọnu ti ń fọn fèrè!" Súnkànmí ò wò ó. Ó ń fi ọmọ kọ̀ọ̀kan ta, ilé rẹ̀ kan sì ń wú. Mo ń kà á: mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́rìnlá. Ó ku díẹ̀ péré. Mo mọ orúkọ ohun tí mò ń wò, adùn rẹ̀ kún mi lẹ́nu, mi ò lè gbé e mì. Igbe bọ́ lẹ́nu mi láàárín ariwo Sùlè:

"Odù! Odù ti wà nílé Súnkànmí!"

Bàbá Láìsì tẹ orí sórí ọpọ́n bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá sọ́dọ̀ Súnkànmí mọ́, títí ó fi di dandan kí Súnkànmí tú odù náà láìtó àsìkò. Kò jẹ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àyè rẹ̀ ṣófo ní kíláàsì.

Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó tún rí i, ní Deira, ní Dubai, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń di ẹrù Èkó. A dì mọ́ra. Mo bi í bóyá ó ṣì ń ta ayò.

"Láti ọjọ́ yẹn? Rárá o. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bínú sí Bàbá. Sùlè ni mi ò lè dárí jì. Ẹnu ẹ̀ ló bà mí jẹ́. Nígbà tó kú, wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mi ò débẹ̀."

Mo la ẹnu. Mo là á lóòótọ́. Ohun tó jáde ni, "Yalla, jẹ́ ká wá ibi tá a ti máa jẹun."

A jẹun. Ó bu ẹran tirẹ̀ kún tèmi. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó kú.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Mirdif pè mí kí n wá sọ ìtàn bàbá àgbà fún àwọn ọmọ. Mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Ọpọ́n ayò kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n gbé e kọ́ bí àwòrán, kò sì sẹ́nì kan nínú wọn tó mọ orúkọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Èmi ṣì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ò sá kúrò lẹ́nu mi, wọ́n ṣì dùn bí wọ́n ṣe dùn nígbà yẹn. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá béèrè ìdí tí bàbá àgbà ò fi kàwé. Mo dáhùn pé Sùlè ni.

Sùlè náà bímọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Súnkànmí, tí ìwé yìí bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, Sùlè kọ́. Èmi ni.