Akòko Tí Festus Gbìn sí Oko Kòkó

Ní 1979, nígbà tí owó epo ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Èkó, Festus Ugwuoke dúró sí Ajue, ó ń tọ́jú kòkó. Ará Ǹsúkà ni. Láti ìgbà tí ogun ti parí ló ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Bàbá Fọlárìn, tó ni ilẹ̀.

Ìyàwó méjì bí ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan fún un, àwọn ọmọ náà kì í sì í rẹ́. Nílùú rẹ̀, bàbá tí kò fẹ́ kí wọ́n jà lórí ogún yóò gbin igi kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀gírísì sí ààlà: ti àkọ́bí nìyí, ti àbúrò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ hú u. Festus gbìn ín la àárín oko náà já, ó sì gbìn ín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Akòko ni wọ́n ń pe igi yẹn ní Ajue, ewé rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi lé ẹni tó bá jẹ oyè lórí. Ó ṣòro láti gbà pé ọkùnrin yìí gbé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án láìmọ̀. Ṣùgbọ́n inú oko ló ń gbé; kì í lọ síbi ìwúyè.

Bàbá Fọlárìn dé láàárọ̀ Sátidé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Kábíyèsí, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ jọba?"

Festus rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ta ló fẹ́ jọba?"

"Ìwọ tí o gbin akòko yí ilẹ̀ bàbá mi ká! Wọ́n ní ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu, pé ilẹ̀ wa náà máa dowó, lo bá ní kí o tètè fi ara rẹ jẹ baálẹ̀. Hú wọn, àbí kí o kó ẹrù rẹ!"

"Ààlà lásán ni, Bàbá. Mo pín oko fún àwọn ọmọ mi ni."

Ìyẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

"O pín kín ni? Kòkó ni tìrẹ, Festus. Tiwa ni ilẹ̀!"

Orí Festus dàrú. Ó mọ̀ pé òun kò ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń ni igi láìni ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà?

Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ hú akòko náà títí ọwọ́ wọn fi bó. Nírọ̀lẹ́, Bàbá padà wá, ó gbin pèrègún sí etí igbó.

"Ibi tí kòkó rẹ mọ nìyí. Kí àwọn ọmọ rẹ pín igi, ìlà sí ìlà."

Rufus, àkọ́bí, wo pèrègún náà. "Pàpá, bí kòkó tèmi bá kú ńkọ́?"

Festus wo Bàbá Fọlárìn. Ìyẹn ti kọjú sọ́nà, ó ń lọ.

"Ṣáà tọ́jú wọn," ni Festus wí. Kò dá òun alára lójú pé ìdáhùn nìyẹn.