Wọn Kò Tíì Sin Ìyá Dosi

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1987, iléeṣẹ́ omi gé omi ilé mọ́kànlá ní àdúgbò kan ní Àgbádárìgì, nítorí gbèsè. Ilé kejìlá wà nínú ìwé iléeṣẹ́ náà, wọn kò gé tirẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni: "Òkú wà nílé." Oníwèé ìròyìn ni mí; mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì lọ sí ilé náà. Òkú ń jẹ ẹ̀bà.

Dosi ló ni ilé. Ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé ìbejì ni àwọn Gun, ìyẹn Ègùn Àgbádárìgì, ń pè bẹ́ẹ̀, bí a ti ń pe tiwa ní Ìdòwú, agídí rẹ̀ kò sì kéré sí ti Ìdòwú kankan. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, ẹja ló ń yan. Ogún ọdún ló fi bá ọkọ rẹ̀, tísà kan láti Ìsẹ́yìn, gbé kí ọkùnrin náà tó kú. Nítorí náà Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi bí ẹ̀rù bá bà á. Bí ẹ̀rù bá bà á, Gun ló máa ń kọ́kọ́ sáré jáde.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti rọ láti ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni Dosi ń wẹ̀ ẹ́. Kànga wọn níyọ̀, ọ̀sà níyọ̀, iyọ̀ sì máa ń ta á lójú egbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ṣùgbọ́n ẹja wọ́n lọ́dún yẹn, igi ìdáná wọ́n, owó omi oṣù mẹ́jọ sì wà lọ́rùn Dosi.

Akíndé, ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ omi, ló wá gé e. Kò tíì pé oṣù méjì ní Àgbádárìgì. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ki sípánà bọ páìpù, nígbà tí Dosi já síta, tọṣẹtọṣẹ dé ìgúnpá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́! Sin! Sin ni mo fẹ́! Ìyá mi wà lórí ẹní, mi ò tíì wẹ̀ wọ́n tán!"

Omi ni àwọn Gun ń pè ní sin. Akíndé ò mọ̀. Ohun tí òun gbọ́ ni pé obìnrin yìí ń wẹ òkú ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ sin ín. Ó ṣí fìlà.

"Háà! Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Ẹ̀yìn wọn á dáa."

"Àmín o!" Dosi rò pé ó ń ṣàdúrà fún ẹ̀yìn tó légbò.

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sin?"

"Ojoojúmọ́ ni, ọ̀gá! Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́!"

Akíndé mi orí. Ìbànújẹ́ ti da obìnrin yìí lórí rú. Òfin ọ́fíìsì wọn sì ni pé ilé tí òkú bá wà, wọn kì í gé omi rẹ̀ títí wọn ó fi sin ín. Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Bó ṣe ń pa ìwé dé ni ohùn kan bú jáde láti inú ilé:

"Dosi! Ṣé kí ọṣẹ fọ́ mi lójú ni?"

Akíndé ní òun ò sáré. Mo bi aládùúgbò méjì. Àwọn méjèèjì ló ní bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síbẹ̀.

Nígbà tó padà wá mú bàtà, tí ọ̀rọ̀ yé tọ̀tún tòsì, Dosi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ewé ìwé ìjọba ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá ya ọ̀kan láyé ológun yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ni Akíndé bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ó kọ ọ́ pé: "Wọn kò tíì sin ín." Ní oṣù kẹfà, bákan náà.

Mo bi í pé ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn! Ṣé wọ́n ti sin ín?"

"Rárá."

"Kí ni mo wá kọ?"

Ní oṣù keje, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, jókòó ti ìwé náà. Òkú oṣù mẹ́ta! Ó gun alùpùpù wá fúnra rẹ̀, Akíndé lẹ́yìn rẹ̀. Láti títì ló ti fi aṣọ ìnujú dí imú. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyá àti ọmọ, ìwẹ̀ dé ìdajì.

"Òkú dà?"

"Èmi ni," ni ìyá wí. "Ẹ kú àbọ̀."

Fàsásì sọ aṣọ ìnujú kalẹ̀. "Akíndé! Gé e! Gé e báyìí! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé èmi náà ni?"

Dosi ti dúró níwájú páìpù. "Ọ̀gá, ọwọ́ mi lẹ ó kọ́kọ́ gé."

Akíndé bẹ̀rẹ̀, ó ki sípánà bọ̀ ọ́, kò yí i. Ìyá nu ìfófòó kúrò lójú, ó wo ọ̀gá, ó wo ọmọ iṣẹ́.

"Ẹ gé e," ló wí. "Ta nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa lọ pọnmi tí wọn ó fi ṣan ọṣẹ yìí kúrò lára mi?"